Apẹ̀rẹ̀ Lẹ́bàá Odò: Àdúrà Òwúrọ̀ fún Òbí Tí Ọmọ Wọn Ń Lọ fún Iṣẹ́ Abẹ

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 2:1–10, Sáàmù 121

Ẹ káàárọ̀, bàbá ọmọ, ìyá ọmọ. Ẹ kú àìsùn.

Àwọn onímáíkírà ti ń pe èrò ní Mọ́kọ́lá, ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ọmọ sì ń fi ẹnu wá ọyàn. Ó ń yí orí sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, ó ń fi ètè wá inú aṣọ. Ọyàn ti kún, ó ti ń ro sára búláòsì, nọ́ọ̀sì sì ti ní ẹ ò gbọdọ̀ fún un mọ́. Mo ti wà níbẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún ọmọ-ọmọ mi, tí kò tíì pé oṣù mẹ́jọ, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó má baà máa gbóòórùn wàrà. Mo gbé e lé èjìká, mò ń lọ, mò ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù, gbogbo orin tí mo mọ̀ ni mo kọ tán sí i létí. Ìyá rẹ̀ kọjú sógiri, ó ń sunkún.

Ìyá Mósè ni Ẹ̀mí mú wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà. Oṣù mẹ́ta ló fi ọmọ pa mọ́. Nígbà tí kò ṣeé ṣe mọ́, kò kàn gbé e sódò kó wá ní Ọlọ́run ń bẹ. Ó wá koríko odò, ó fi ṣe apẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀dà, ó fi kun gbogbo ibi tí omi lè gbà wọlé. Ẹ fojú inú wò ó bó ṣe ń fi ìka tẹ ọ̀dà mọ́ ojú ihò kọ̀ọ̀kan, tí ọmọ sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bíbélì ò kọ àdúrà kankan tó gbà lọ́jọ́ náà sílẹ̀ fún wa. Ọ̀dà tó fi kun apẹ̀rẹ̀ ló kọ.

Ẹ̀yin náà, ẹ kun tiyín dáadáa. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń ní kí ọmọ fi wà láìmu ọyàn ṣáájú iṣẹ́ abẹ, mẹ́fà tó bá jẹ́ wàrà inú agolo. Èyí tí dókítà yín bá dá fún yín ni kẹ́ ẹ dì mú. Bí oúnjẹ bá wà níkùn ọmọ tí wọ́n fún lóògùn oorun, ó lè ru sókè kó sì gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ jọ̀ọ́, kí màmá àgbà má fi àánú kán omi sí i lẹ́nu, kì báà jẹ́ omi àdúrà. Bí ọmọ bá ń wúkọ́ tàbí ara rẹ̀ gbóná láàárọ̀ yìí, ẹ sọ. Bí ẹ bá ti fún un ní àgbo, ẹ sọ ìyẹn náà, ẹ má tijú. Ẹ yọ yẹtí etí rẹ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀. Bàbá ọmọ, ẹ̀yin àti àwọn àbúrò yín ni kẹ́ ẹ lọ fún wọn lẹ́jẹ̀. Ti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn kọ́ nìyẹn.

Àwọn ará kan á wá, wọ́n á ní ọmọ yìí ò ní fojú kan ọ̀bẹ, kẹ́ ẹ gbé e lọ sórí òkè. Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ẹ má bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọmọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Láti ọdún 1957 tí wọ́n ti ṣí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ìlú Ìbàdàn wa yìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni Ọlọ́run ti ọwọ́ dókítà wò sàn níbẹ̀, a sì ń bá wọn jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlòmíì á tún fẹ́ mọ̀ bóyá ìdílé bàbá ni àìsàn yìí ti wá tàbí ti ìyá. Ẹ má dá a lóhùn. Ọkọ àti aya, ẹ di ara yín lọ́wọ́ mú.

Ta ni Ọlọ́run rán lọ gbé Mósè lódò? Ọmọbìnrin Fáráò, tí kò mọ Ọlọ́run ìyá Mósè. Dókítà tó máa gba ọmọ lọ́wọ́ yín lónìí lè jẹ́ Mùsùlùmí, ó lè má gbàdúrà bíi tiwa. Ẹ fi ọkàn balẹ̀ gbé ọmọ fún un. Bí ilẹ̀kùn tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, bá sì ti, ẹ rántí pé arábìnrin Mósè dúró ní òkèèrè láti mọ ohun tí yóò ṣe ọmọ náà. Dídúró yẹn tó iṣẹ́ ṣe. Ẹ̀rù tó bá bà yín níbẹ̀ kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Dókítà tó fún un lóògùn oorun ò ní kúrò lórí rẹ̀ títí yóò fi jí, Ẹni tí ń pa Ísírẹ́lì mọ́ sì wà lórí dókítà, kì í tòògbé, bẹ́ẹ̀ ni kì í sùn.

Ẹ gbé ọwọ́ lé ọmọ, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, ìwọ lo mọ ìfun yìí, ìwọ lo mọ iṣan yìí, kí ìyá rẹ̀ tó mọ̀ pé òun lóyún. Jọ̀wọ́, tọ́ ọwọ́ àwọn dókítà. Kí ojú wọn má ṣe ṣì, kí ọwọ́ wọn má gbọ̀n, kí iná má lọ, kí ẹ̀jẹ̀ má ṣe wọ́n, kí ẹ̀rọ má dákú, ní orúkọ Jésù. Àmín.

Olúwa, oorun tí ọmọ yìí máa sùn, kí ó jí níbẹ̀. Ìwọ tí o pa àlọ wa mọ́, pa àbọ̀ wa mọ́. Ọwọ́ tí a fi gbé e wọlé ni kí a fi gbà á padà, ní orúkọ Jésù. Àmín.

Rántí ọmọ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tí bàbá rẹ̀ ṣì ń wá owó káàkiri Ìbàdàn. Fi ojú àánú wò ó. Rántí ìyá tí ọmọ tirẹ̀ ò padà jáde. Baba, gbá a mọ́ra.

Ọmọbìnrin Fáráò gbé Mósè padà fún ìyá rẹ̀ láti fún un lọ́yàn. Wàrà tí ìyá yìí ń fún sínú ife láàárọ̀ yìí kó má baà gbẹ, Olúwa, má jẹ́ kó ṣòfò. Nígbà tí dókítà bá ní ó yá, jẹ́ kí ọmọ yìí yí orí sọ́tùn-ún, kó yí i sósì, kó sì bá ọyàn ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Àmín.