Bí ẹ ṣe lè yan sípánà olówó pọ́ọ́kú tí kò ní ba nọ́ọ̀tì jẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin mẹkáníìkì, àti ẹ̀yin ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra irinṣẹ́ tiyín. Kẹ́ ẹ tó lọ sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó, ẹ ju bóòtù tuntun méjì sápò: ọ̀kan tí orí ẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 10 (ìyẹn mìlímítà 10), ìkejì nọ́ńbà 14. Àwọn la máa fi yẹ irinṣẹ́ wò.

Ẹ má tíì wo bó ṣe ń dán. Króòmù ni wọ́n fi bò ó lára, irin tó wà lábẹ́ ẹ̀ là ń wá. “Chrome Vanadium” (orúkọ irú irin líle kan) tí wọ́n kọ sí i lára náà, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́ sí irin tó bá wù ú.

Mo ń gbé e sún mọ́ kámẹ́rà báyìí. Sípánà fúláàtì nọ́ńbà 14 nìyí, mo ti fi ẹnu ẹ̀ há orí bóòtù. Mo ń mì í sọ́tùn-ún, mo ń mì í sósì. Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń yí lófìfo kó tó di orí bóòtù mú? Ààyè yẹn ti pọ̀ jù. Ìkejì rèé, owó wọn ò jìnnà síra: ó wọlé wẹ́rẹ́, ó sì dì í mú lójú ẹsẹ̀. Èyí ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ wá gbé e sójú oòrùn, kẹ́ ẹ wo inú ẹnu ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ gún dọ́gba. Tí króòmù bá ṣù jọ síbẹ̀, tó bá yá á máa ṣí, á sì máa géni lọ́wọ́.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúrídọ́ọ̀mù, odindi sẹ́ẹ̀tì kan ni mo rà torí pé ó pọ̀, ó sì ń dán. Mo fi nọ́ńbà 10 ẹ̀ tú nọ́ọ̀tì páìpù bíréèkì Camry kan. Fífà kan péré, ẹnu sípánà là, igun nọ́ọ̀tì bó, ìka mi lọ gbá irin. Odindi páìpù la pààrọ̀, èmi ni mo sì sanwó ẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Ó kan sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn sípánà oníhò tó ń bo orí nọ́ọ̀tì. Onígun mẹ́fà ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì ló ń tì. Onígun méjìlá, ìtòsí igun ló ń dì mú, nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà sì máa ń bó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ wo ara ẹ̀ yí po: ibi tó bá fẹ́lẹ́ jù ló ti máa là.

Ratchet, ọwọ́ tá a fi ń yí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ńkọ́? Ẹ gbé e sétí, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀. Eléyín 72, ìwọ̀n dígíríì 5 ló ń gbà kó tó mú eyín tó kàn; eléyín 24, ìwọ̀n 15. Eléyín púpọ̀ wúlò níbi tó há, àmọ́ nínú olówó pọ́ọ́kú, eléyín 36 tó ń dún ketekete tẹ́ mi lọ́rùn ju 72 tó ń fo eyín lọ.

Pílásì: ẹ pa ẹnu ẹ̀ dé, kẹ́ ẹ kọjú ẹ̀ sóòrùn. Tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ibi tó fi ń gé wáyà kọjá, ẹ gbé e sílẹ̀.

Tówó ò bá tó, ẹ fi sẹ́ẹ̀tì ńlá sílẹ̀ ná. Ẹ ra 10, 12, 14 àti 17 tó dáa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ni Toyota máa ń béèrè jù. Tòkunbọ̀ náà dáa, bóòtù kan náà lẹ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò.