Báwo ni Ọjọ́rú ṣe rí lára rẹ?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi. Lónìí, àwọn òbí tí ọmọ wọn ń múra àtiwọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Bí ọmọ náà bá wà nítòsí, ẹ pè é kó wá jókòó.

Nígbà kan, Yunifásítì Chicago bi àwọn tó fẹ́ wọlé síbẹ̀ pé: "Báwo ni Ọjọ́rú ṣe rí lára rẹ?" Ó parí síbẹ̀. Lọ́dún mìíràn, wọ́n ní: "Wá x rí." Òbí tó jẹ́ pé èsì WAEC àti máàkì JAMB ló gbé e wọlé nílé á ní wọ́n ń fi ọmọ òun ṣeré. Rárá o.

Máàkì ọmọ ti wà lọ́wọ́ wọn. Lórí Common App, ìyẹn fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà jọ ń lò, àyè mẹ́wàá wà fún ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn kíláàsì, àlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan ò sì gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 150 lọ. Àròkọ àpapọ̀ náà wà, ọ̀rọ̀ 250 sí 650. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun tí wọn ò tíì rí ni bí ọmọ yẹn ṣe ń ronú nígbà tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ní ìdáhùn. Òun ni wọ́n ń fi ìbéèrè àràmàǹdà wá. Ní Chicago, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ti jáde ló ń dábàá àwọn ìbéèrè náà. Ọmọ lè mú ti ọdún àtijọ́, ó sì lè dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú Ọjọ́rú yẹn wò. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí ọmọ lọ́kàn ni pé Ọjọ́rú wà láàárín ọ̀sẹ̀, ó ti rẹ èèyàn, ìsinmi ò sì tíì dé. Ohun kan náà ló sọ sí gbogbo àwọn tó kù lọ́kàn. Kó gbé tákàdá, kó kọ ìdáhùn mẹ́wàá láàárín ogún ìṣẹ́jú, ìlà kọ̀ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má pa ìkankan rẹ́. Márùn-ún àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ti gbogbo ayé. Láti orí ìkẹfà ni ohùn ọmọ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ká ní ọmọ náà mọ ọjà ọrọọrún ní ìlú bàbá rẹ̀. A máa ń ka òní mọ́ ọn, ìyẹn la ṣe ń pè é ní ọrún, àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin ló wà láti ọjà kan sí èkejì. Bí ọjà bá bọ́ sí Ọjọ́rú, Ọjọ́ Àìkú ni èyí tó tẹ̀ lé e máa bọ́ sí, lẹ́yìn náà Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Ẹtì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó tó padà sí Ọjọ́rú. Ọjọ́ 28 gbáko. Ọmọ tó fẹ́ràn ìṣirò lè béèrè ìdí tí ọjà fi gbọ́dọ̀ kan ọjọ́ méjèèje kó tó yípo. Èyí tó fẹ́ràn ètò ọrọ̀ ajé lè bi ara rẹ̀ pé báwo ni tíṣà tó ń tajà ṣe ń tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wo ibi tí Ọjọ́rú gbé wa dé! Bó bá kàn sọ pé Yorùbá ń pe ọjọ́ yẹn ní ọjọ́ tí nǹkan ń rú, tó wá dúró síbẹ̀, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ló kọ, kò tíì kọ àròkọ.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé Houston ni wọ́n bí i sí, tó jẹ́ pé àná ló kọ́kọ́ gbọ́ nípa ọrọọrún lẹ́nu bàbá rẹ̀, kó fi sílẹ̀. Àṣà tí wọ́n yá fún ọmọ lójú ọ̀nà máa ń hàn, torí kò ní lè sọ̀rọ̀ lé e ju ìlà mẹ́ta lọ. Bó bá jẹ́ pé Ọjọ́rú ni ọkọ̀ ìdọ̀tí ń wá sí àdúgbò wọn, tó sì ti ń ṣọ́ ohun tí àwọn aládùúgbò ń kó dànù láti kékeré, ìyẹn lówó lórí ju ọjà tí kò rí rí.

Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní pàkúté tirẹ̀. Yunifásítì Pennsylvania máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé: o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ tán, ojú ewé 300 ni, fi ojú ewé 217 ránṣẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ọmọ máa ṣàlàyé ẹni tóun jẹ́. Ẹni tó bá ti ka ìwé dé 217 ti mọ̀ ọ́n. Àárín gbólóhùn ni irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fún ọdún mélòó kan, wọ́n ní kí ọmọ kọ ìwé ìdúpẹ́ kékeré, ọ̀rọ̀ 150 sí 200, sí ẹni tí kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa tá a máa ń jí lọ kí èèyàn pé ẹ ṣeun àná, ó yẹ ká mọ èyí ṣe, àmọ́ àdúrà ni àwọn ọmọ wa ń fi kún ojú ewé. Kó dárúkọ oore kan ṣoṣo, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tó yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Ti Stanford, lẹ́tà sí ẹni tẹ́ ẹ jọ máa gbé yàrá, ọ̀rọ̀ 100 sí 250: àwọn ọmọ máa ń gbàgbé pé ọ̀dọ́ bíi tiwọn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀bùn tí wọ́n gbà.

Ẹ̀yin tó wà ní Ìlú Ọba, ẹ má gbé Ọjọ́rú lọ sí UCAS, ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún yunifásítì níbẹ̀ o. Fún àwọn tó ń wọlé láti 2026, ìbéèrè mẹ́ta tó ṣe tààrà ni, lẹ́tà 4,000 lápapọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò sì gbọ́dọ̀ dín ní 350. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́ ni wọ́n ń bi í.

Ohun tó ń ba àròkọ yìí jẹ́ jù lọ, ọwọ́ àgbà ni. Ọmọ kọ ọ́ tán, bàbá yí ìpínrọ̀ kan padà, àbúrò ìyá tó jẹ́ lọ́yà yí méjì. Òǹkàwé á gbọ́ ohùn ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, lẹ́yìn náà ohùn ẹni àádọ́ta ọdún, ohùn ọmọ ò sì ní padà wá mọ́. Ẹ gbé báírò sílẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè: níbo lo ti rí èyí? Kí nìdí tó fi yà ọ́ lẹ́nu? Ìdáhùn tó bá fi ẹnu sọ sábà máa ń dára ju èyí tó kọ lọ. Kó lọ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ẹ̀rọ AI náà, kó má bá a kọ ọ́: Common App ti ka fífi iṣẹ́ AI sílẹ̀ bíi ti ara ẹni mọ́ ìwà jìbìtì.

Common App máa ń ṣí fún ọdún tuntun ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì ń ti ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá. Kí ìdáhùn mẹ́wàá yẹn ti wà nílẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Kó kọ́kọ́ kọ ọ́ gùn, bí ọ̀rọ̀ 900, kó fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kó gé e. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ló sábà máa ń yẹ ní gígé, torí ibẹ̀ ni ọmọ ti ń wá ọ̀nà wọlé. Kó tó tẹ bọ́tìnnì, kó wo bí fọ́ọ̀mù ṣe máa rí nígbà tí wọ́n bá ṣí i, ní pàtàkì bó bá kọ orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú rẹ̀, kó rí i pé àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kò ṣí kúrò. Ó dàbọ̀ o.