Bí ẹ ṣe lè yọ fóòmù tó ti gan lára férémù ilẹ̀kùn

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, Ìjẹ̀bú-Òde la wà lónìí, ẹ wo férémù ilẹ̀kùn yìí, ẹni tó gbé ilẹ̀kùn fọ́n fóòmù inú agolo tí wọ́n fi ń dí àlàfo sí i, fóòmù wú jáde bíi búrẹ́dì tí yíìsì pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó sì gan síbẹ̀. Màmá tó nilé fẹ́ kun ilé kí Ojúde Ọba tó dé, wọ́n ní ṣé kò sí nǹkan tá a lè dà sí i táá fi yọ́ ni.

Kò sí o. Asitónì tí àwọn obìnrin fi ń nu èékánná, fóòmù tútù ló ń nù. Tó bá ti gan, kò ràn án mọ́, ọ̀dà ilẹ̀kùn yín ló máa bó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má finá sun ún láéláé, májèlé ni èéfín ẹ̀, ó lè pààyàn.

Gígé la máa gé e. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú àti imú, tí wáyà bá gba ibẹ̀ ẹ pa iná láti méènì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, tó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ẹ fi í sílẹ̀ dọ̀la, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa fi ra gbogbo ògiri ni.

Ẹ wo ọwọ́ mi báyìí. Ọ̀bẹ búrẹ́dì eléyín wẹ́wẹ́ ni, mo tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ mọ́ ògiri, mi ò lo agbára, mo kàn ń fà á lọ fà á bọ̀. Ẹ gbọ́ ìró ẹ̀, ṣìrìṣìrì. Ẹ rí i, inú ẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ bíi àkàrà. Ibi tọ́bẹ ò wọ̀, bíléèdì hacksaw, ayùn tí wọ́n fi ń gé irin, ni, ẹ fi àkísà wé ìdí ẹ̀ kó má gé yín lọ́wọ́. Ẹ gé e wọnú bí ìdajì ínṣì, torí a máa fi símẹ́ńtì dí i, fóòmù tí oòrùn bá ń pa níhòòhò máa pọ́n, á máa rún, èèrà á sì sọ ọ́ dilé.

Èyí tó ṣẹ́ kù lára férémù, skírépà oníke ni ẹ fi ha á, onírin á họ ọ̀dà. Ara ògiri, sáńpépà.

Tó bá gan sí yín lára, ẹ má fi bíléèdì fá a, mo ṣe é rí, awọ àtàǹpàkò mi bá a lọ. Ẹ máa fi òróró pa á, á bọ́ fúnra ẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ó ti mọ́ báyìí. Ẹ gbọn ìyẹ̀fun ẹ̀ dànù, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sójú ibẹ̀ kí símẹ́ńtì lè dì í mú, ẹ wá fi símẹ́ńtì dí i, tí símẹ́ńtì bá gbẹ dáadáa kí pẹ́ńtà bọ́ síbẹ̀.