Níbo Ni Omi Ara Ife Tútù Ti Wá?

Ẹ wo ife sóbò yìí. Nígbà tí mo gbé e jáde nínú fíríìjì, ara rẹ̀ gbẹ táútáú. Ní báyìí omi ti bò ó, ó tiẹ̀ ti ń kán sórí tábìlì. Àwọn kan á ní ife ló ń jò. Ẹ jẹ́ kí n fi ìka nù ún. Sóbò pupa ló wà nínú ife, omi tó wà níka mi kò sì ní àwọ̀ kankan. Inú afẹ́fẹ́ yàrá yìí ló ti wá.

Omi tó ń gbẹ lára aṣọ tí a sá, omi odò, omi ara ewé, inú afẹ́fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ojú kò rí i mọ́, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní iye tí àyè lè gbà, bí ooru bá sì ṣe ń dín kù ni iye náà ń dín kù. Ẹ fojú inú wo àpótí kan tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Ní 30°C, ó lè gba nǹkan bíi gíráàmù 30 irú omi tí ojú kò rí yìí. Ní 20°C, bíi 17. Ní 10°C, bíi 9 péré.

Ká ní gíráàmù 17 ló wà nínú rẹ̀ ní 30°C. Àyè ṣì pọ̀. Ẹ máa mú un tutù: 28, 25, 22, kò sí nǹkan kan. Ó dé 20, àyè tán! Bó bá tún tutù díẹ̀ sí i, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìwọ̀n 20 yẹn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní dew point. Ojú ìrì ni màá máa pè é.

Ẹ lè wọ̀n ọ́n nílé. Ẹ bu omi lásán sínú ife irin tó ń dán, ẹ ki tẹmómítà bọ̀ ọ́, kí ẹ máa fi áìsì sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa rò ó. Ẹ má mí sí i lára o. Bí ẹ̀yìn ife bá ti ṣú, ẹ yára wo tẹmómítà. Irú ọgbọ́n yìí ni Charles Le Roy, dókítà ará Faransé, lò ní Montpellier ní nǹkan bí ọdún 1751.

Ní Èkó lásìkò òjò, ojú ìrì sábà máa ń tó 24°C. Ìdí nìyẹn tí òógùn kì í fi í gbẹ lára wa. Nígbà ọyẹ́ ní Ìlọrin, ó lè já sísàlẹ̀ 10°C, omi tútù á sì wà nínú ife láìlàágùn rárá.

A máa ń sọ pé ìrì sẹ̀, bí ẹni pé òkè ló ti ń bọ̀. Koríko ló ń tú ooru rẹ̀ sójú ọ̀run lóru tí kò sí ìkùukùu, títí á fi tutù ju ojú ìrì lọ, tí omi inú afẹ́fẹ́ á wá dì mọ́ ọn lára.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí òjò bá dá, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí gíláàsì iwájú, tí gíláàsì wá ṣú, ẹ má fi aṣọ nu inú. Ìta ni omi náà wà. Ẹ tan wáípà, kí ẹ sì darí atẹ́gùn tútù yẹn kúrò lára gíláàsì.