Àpá Odysseus, Ìdákẹ́jẹ́ Ábúráhámù

Ẹ káàbọ̀ o. Ìdí abọ́ omi kan la ti máa bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ogún ọdún ni Odysseus, akọni inú ìtàn àwọn Gíríìkì àtijọ́, ti kúrò nílé. Ìgbà tó dé, ó múra bí alágbe, aya rẹ̀ gan-an kò dá a mọ̀. Wọ́n ní kí Eurycleia, màmá arúgbó tó tọ́ ọ láti kékeré, fọ ẹsẹ̀ àlejò. Ọwọ́ màmá kan àpá kan lókè orúnkún. Ó mọ̀ ọ́n!

Ẹ rò pé màmá á figbe ta, àbí? Ó tì o. Homer, akéwì Gíríìkì tó ń sọ ìtàn náà, dá a dúró ná, ó ń rò fún wa bí Odysseus ṣe lọ kí bàbá ìyá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, bí wọ́n ṣe lọ ṣọdẹ lórí òkè Parnassus, bí ẹlẹ́dẹ̀ igbó ṣe fi eyín ya á lẹ́sẹ̀. Ó lé ní 70 ìlà kí ẹsẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ màmá, kí abọ́ idẹ tó dojú dé, kí omi tó dà nù. Homer kì í fi nǹkan kan pa mọ́ fún wa.

Ẹ wá wo ti àwọn Hébérù, Jẹ́nẹ́sísì orí 22. Ọlọ́run ní kí Ábúráhámù fi Ísáákì rúbọ. Kí ni bàbá wí? Kò wí nǹkan kan. Ó jí ní kùtùkùtù, ó di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní gàárì, ó la igi, wọ́n gbọ̀nà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí ibẹ̀ lókèèrè, a ò sì gbọ́ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ lọ́nà. Ìgbà tí ọmọ máa lanu, ó ní: iná rèé, igi rèé, ọ̀dọ́ àgùntàn dà? Ní tèmi, ìdákẹ́jẹ́ yẹn bani lẹ́rù ju ẹlẹ́dẹ̀ igbó lọ.

Erich Auerbach, ọ̀mọ̀wé Júù ará Jámánì tí ìjọba Hitler gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1935, tó sì sá lọ sí Istanbul, ló gbé ìtàn méjèèjì yìí kojú ara wọn nínú ìwé rẹ̀, Mimesis, tó jáde ní 1946. Ó ní inú ọ̀nà ìtàn méjì yìí ni lítíréṣọ̀ Yúróòpù ti ń bu omi mu.

Ti Gíríìkì àti ti Hébérù ti dàpọ̀ tipẹ́. Àwọn Júù ti ń túmọ̀ Òfin Mósè sí èdè Gíríìkì ní Alẹkisáńdíríà láti bí ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi. "Kristi" tí mo sọ yìí náà, Gíríìkì ni. "Mèsáyà" ni ti Hébérù. Ẹni àmì òróró ni méjèèjì.

Ní 1667, John Milton, akéwì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ìtàn Ádámù àti Éfà bí ẹni pé Homer ló ń sọ ọ́. Ó tiẹ̀ ké pe òrìṣà-bìnrin ewì bí àwọn Gíríìkì ti ń ṣe, àmọ́ ó ní èyí tó mí sí Mósè ní òkè Sínáì ni òun ń pè.

Ti James Joyce, òǹkọ̀wé ará Ireland, ló wá pa mí lẹ́rìn-ín. Ìwé rẹ̀, Ulysses, jáde ní 1922; orúkọ tí àwọn ará Róòmù ń pe Odysseus ni. Ta wá ni Odysseus inú rẹ̀? Leopold Bloom, ọmọ Júù kan tó ń rìn káàkiri Dublin lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lóru, ó délé, kò mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ó fo irin ojúde, ó sì gba ilé ìdáná wọlé ara rẹ̀ bí olè.