Ta Ló Ń Bá Ọ Yọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará ìlú sọ ní gbọ̀ngàn kan nítòsí Aké, Abẹ́òkúta, nìyí. Mo tún un tò fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè wá.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Kí n tó mẹ́nu kan ọpọlọ àti iṣan, ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ kékeré kan wò: yọ̀. Ẹni tó bá mi yọ̀, ọ̀rẹ́ ni. Ẹni tó yọ̀ mọ́ mi, ó fẹ́ràn àtirí mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó yọ̀ mí, ẹ ti mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òun la ṣe ń gbàdúrà kí ọ̀tá má yọ̀ wá. Ẹlòmíràn wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú lè dùn ní kọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí ará ilé mọ̀. Ayọ̀ ní tirẹ̀, ìta ló ń wá.

Ojú ló sì ń gbà jáde. Oníṣègùn Faransé kan, Duchenne, tẹ ìwé jáde ní 1862 lórí bó ṣe ń fi iná mànàmáná ta iṣan ojú èèyàn jí. Ó rí i pé a lè pàṣẹ fún iṣan tó ń fa ètè, ṣùgbọ́n èyí tó yí ẹyinjú ká, tó ń mú ẹ̀bá ojú hunjọ, ayọ̀ tòótọ́ ló ń pè é. (Lónìí a mọ̀ pé àwọn kan lè fi èyí náà ṣe eré.) Àwọn tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú kò nílò Duchenne. Fi ètè rẹ́rìn-ín bó o ṣe fẹ́. Bí ẹ̀bá ojú rẹ bá ti hunjọ nígbà tí wọ́n tẹ́ aṣọ yẹn sílẹ̀, owó kò ní wálẹ̀ mọ́.

Kí ló wá ń ta ayọ̀ jí? Láàárín 1990 sí 1999, onímọ̀ ọpọlọ kan, Wolfram Schultz, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ ọ̀bọ tó ń lo dopamine, èròjà kan tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Bí omi èso bá kán sí ọ̀bọ lẹ́nu láìròtẹ́lẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á ta jí. Bí ọ̀bọ bá ti kọ́ ọ pé iná máa ń tàn kí omi tó dé, iná ni wọ́n ń ta jí fún. Omi fúnra rẹ̀ ti di àtijọ́. Dopamine kọ́ ni ayọ̀ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó jẹ́ ká rí ìdí tí oore àìròtẹ́lẹ̀ fi ń dùn ju èyí tí a ti ń retí lọ. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tó sá fún ogun tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, ikú ni wọ́n ń retí. Kò yà mí lẹ́nu pé orí àpáta yẹn gan-an ni orin ìlú wa ti ń yọ̀.

Wọ́n ní ayọ̀ àyọ̀jù ni àkèrè fi ń ṣẹ́ nítan. Èmi kò gba òwe yẹn tán. Àìlèyọ̀ ló ń ṣẹ́ èèyàn jù. Ọ̀kan nínú àmì méjì tí oníṣègùn kọ́kọ́ ń wò nínú ìsoríkọ́ ni pé ohun tó ń dùn mọ́ni tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ni mọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Onítọ̀hún lè má sunkún rárá. Ní Àró níbí, ní 1954, oníṣègùn ọpọlọ kan, Adéoyè Lámbò, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn rẹ̀ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, ìbátan wọn á sì bá wọn gbé ibẹ̀. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọn kò sì kúrò láàárín èèyàn.

Nígbà ìbéèrè, ìyá àgbà kan dìde: “Ọmọ mi, ẹni tí mò ń ròyìn fún ti kú. Ṣé ayọ̀ tèmi tán nìyẹn?”

Mi ò ní ìdáhùn inú ìwé. Mo ní, “Màmá, kí ló dùn mọ́ yín jù lọ́sẹ̀ yìí?”

Ó rò ó díẹ̀. Ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé òun ti so.

Gbogbo gbọ̀ngàn hó yè: “Ẹ kú oríire o!” Ẹ̀bá ojú ìyá hunjọ.