Họ́ọ̀nù Kì Í Ṣe Ti Ariwo: Sípíkà Tó Yẹ Orin Inú Ilé

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) rèé, níwájú àwọn tó ń háyà ẹ̀rọ orin, àwọn tó ń tún un ṣe, àti àwọn tó kàn fẹ́ràn kí orin máa dún nílé wọn. Mo ti gé àwítúnwí kúrò níbi tí mo ti rí i. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní kí n má ṣe fọwọ́ kan ibi tí mo ti bú èèyàn.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ gbé fóònù sílẹ̀ wá gbọ́ mi, mo dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ìjà bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ ọjà Dàńtókpà ní Kútọnu tẹ́ ẹ ní sípíkà lẹ fẹ́ rà, nọ́ńbà ara páálí ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi hàn yín: 3000 wáàtì, 5000 wáàtì. Páálí ọ̀hún sì fúyẹ́ débi pé ọmọ kékeré á gbé e sórí. Mo máa ń bi àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń tà á pé wáàtì èwo? Èyí tó ń wọlé ni, àbí èyí tó ń jáde? Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ẹ tún ti dé." Bẹ́ẹ̀ ni, mo tún ti dé.

Sípíkà tó wọ́pọ̀ nílé wa, tí awọ rẹ̀ kọjú sí yàrá gbalaja, tẹ́ ẹ bá fún un ní 100 wáàtì, tipátipá ni wáàtì 1 nínú rẹ̀ fi máa di ohùn. Òmíràn ò tó bẹ́ẹ̀. Ìyókù, ooru ni. Ẹ ń fowó iná dáná sínú àpótí. Sípíkà oníhọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe dáadáa lè sọ 10 dé 30 nínú 100 di ohùn.

Kí ló fa ìyàtọ̀ yẹn? Afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́, awọ sípíkà sì wúwo jù ú lọ fíìfíì. Bí awọ bá ti ń tì í, ṣe ló ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní dúró gbà á. Họ́ọ̀nù ló ń sé e mọ́. Ọ̀fun rẹ̀ tóóró níbi tó ti pàdé awọ, ó wá ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ẹnu ìta. Afẹ́fẹ́ tó wà lọ́fun yẹn ò ríbi yẹ̀ sí, awọ á rí nǹkan tì gidi. Bí ọ̀fun náà ṣe yẹ kó máa fẹ̀ kì í ṣe àfojúwọ̀n o. Láti 1924 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì, Hanna àti Slepian, ti tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá sì ti dúró létí ọ̀sà wa níbí rí, tó fọwọ́ méjèèjì ká ẹnu pe ọlọ́kọ̀, ti jẹ díẹ̀ nínú àǹfààní rẹ̀ láìkàwé.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Nígbà tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti lọ kọrin Yorùbá sínú àwo fún Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, kò sí maikirofóònù níwájú wọn. Ẹnu họ́ọ̀nù ni wọ́n ń kọrin sí nígbà yẹn. Ohùn èèyàn fúnra rẹ̀ ló ń ti abẹ́rẹ́ tó ń fín àwo. Ó di 1925 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí fi iná mànàmáná gba orin sílẹ̀ fún títà. Àwọn bàbá wa tó ra àwo wọ̀nyẹn, họ́ọ̀nù giramafóònù ni wọ́n tún fi gbọ́ ọ. Họ́ọ̀nù níbẹ̀rẹ̀, họ́ọ̀nù níparí, kò sí wáàtì kankan láàárín. (Wọ́n pàtẹ́wọ́ níbí. Mo ti ń retí rẹ̀.)

Bákan náà ni ti sinimá. Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bíi 1927, agbára áńpílífáyà wọn ò tó èyí tí ọmọ ilé-ìwé ń gbé kiri lónìí. Síbẹ̀, họ́ọ̀nù ilé-iṣẹ́ Western Electric ń mú ohùn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá. Gílóòbù áńpílífáyà wọn kan wà tí wọ́n ń pè ní 300B, nǹkan bíi 8 wáàtì ló ń mú jáde tó bá dá ṣiṣẹ́, àwọn tó ń gbọ́ orin nílé ṣì ń wá a kiri dòní. 8 wáàtì o! Ẹ lọ sọ fún ọlọ́jà yín.

Ẹ̀yin onílù tó wà níbí, tiyín ló kàn. Ká ní à ń gbọ́ dùndún nílé ní 85 dB (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó), ohùn tó ròkè dáadáa. Ìyá ìlù wá ń sọ̀rọ̀, ó já ọwọ́ kan tó fi 20 dB ga ju ìyókù lọ. 20 dB, agbára ìlọ́po 100 nìyẹn. Sípíkà tó ń fi wáàtì 1 mú 85 dB wá gbọ́dọ̀ rí 100 wáàtì lójú ẹsẹ̀. Klipschorn, sípíkà oníhọ́ọ̀nù kan tí àwọn tó ṣe é ní 105 dB ló ń mú wá lórí wáàtì 1, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún wáàtì ló ń lò tẹ́lẹ̀, wáàtì 1 péré ló sì máa fi gbé ọwọ́ yẹn. Awọ rẹ̀ ò tíì mira tán.

Ti àkọ́kọ́ ńkọ́? Bó bá ti ń gba irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ léraléra, kọ́ìlì rẹ̀, ìyẹn wáyà bàbà tó ń ti awọ, á máa gbóná. Bàbà tó bá fi 100 °C gbóná sí i, ìdènà iná inú rẹ̀ á fi nǹkan bíi 40 nínú 100 lé sí i. Iná tó ń wọlé á dínkù, ohùn á sì relẹ̀ níbi tí onílù ti ní kó ròkè. Sípíkà ń gé orí ìlù, ẹ̀yin rò pé onílù ló rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé họ́ọ̀nù kì í ṣe ti ariwo. Ẹ yí ohùn sílẹ̀ lálẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, kẹ́ ẹ wá gbọ́ onílù tó ń fún ọsán ìlù mọ́ra. Ẹ ó gbọ́ bí ohùn ṣe ń gun òkè láti ìsàlẹ̀, tí kì í fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹ ó gbọ́ akọrin tó ń mí sínú kó tó gba orin. Àwọn ará Kétu tó ti dúró níbi Ẹ̀fẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Mi ò ní ṣàlàyé ìyẹn fún wọn.

Mo fẹ́ bọ́ sórí bí yàrá ṣe ń da ohùn rú ni ìyá kan níwájú nawọ́ sókè. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, tó bá dáa bó o ṣe ń wí yìí, kí ló dé tí ti orí mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa ń gún mi létí?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo pa ìwé mi dé, torí ìbéèrè yẹn ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ.

Màmá, ẹjọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, họ́ọ̀nù orí òrùlé yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n ká a sínú ara rẹ̀ kó lè kéré, ohun tó bá sì wà nísàlẹ̀ nǹkan bíi 300 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé e rárá. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 100 Hz. Ìpìlẹ̀ ohùn ti ṣubú kó tó dé etí yín, òkè rẹ̀ nìkan lẹ̀ ń gbọ́. Èkejì, wọ́n ti yí áńpílífáyà dé òpin, kò sì lè gbé e mọ́; ó ń gé orí ìgbì ohùn pẹlẹbẹ. Gígé yẹn ló ń gún yín. Wọn ò sì yí i dé òpin torí Ọlọ́run o, torí aládùúgbò tó yí tiẹ̀ dé òpin ni.

Màmá ò tíì jókòó. "Mo gbọ́. Èyí tó dáa yẹn wá ńkọ́, ibo la ó gbé e sí?"

Hẹn. Ibi tí bàtà ti ń ta wá nìyẹn. Ìgbì ohùn 40 Hz gùn tó mítà 8 àti ààbọ̀. Kí họ́ọ̀nù tó gbé e dáadáa, àyíká ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ gígùn yẹn, ìyẹn ẹnu tó fẹ̀ ju mítà 2 àti ààbọ̀ lọ. Ilẹ̀kùn ta ló máa gbà á wọlé? Paul Klipsch ní ìlú Hope, ní Arkansas, ló fi ọgbọ́n gbé e gbà. Ó ká họ́ọ̀nù baasi sínú àpótí, ó ní kí wọ́n tì í mọ́ kọ̀rọ̀ yàrá, kí ògiri méjèèjì àti ilẹ̀ máa bá a ṣe ìyókù ẹnu họ́ọ̀nù. Láti 1946 ni wọ́n ti ń ṣe Klipschorn, wọ́n ṣì ń ṣe é.

Níbí ni mo ti ń fi ìlú wa yangàn. Kọ̀rọ̀ yẹn ò wúlò tí ògiri bá ń gbọ̀n, torí ògiri tó ń gbọ̀n ń jẹ baasi. Ilé pákó Amẹ́ríkà ń gbọ̀n. Ilé bíríkì wa kì í gbọ̀n. Ilé àwọn Àgùdà tó kù ní Àjàṣẹ́, tí ògiri wọn nípọn, àfi bíi pé wọ́n ti ń retí Klipsch. Kẹ́ ẹ kàn yọ kọ́bọ́ọ̀dù kúrò ní kọ̀rọ̀ ni.

Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ti dìde, nítorí náà mo sáré. Yàrá: táìsì àti símẹ́ńtì wa ń da ohùn padà gan-an, họ́ọ̀nù ń darí ohùn sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó, kì í fọ́n ọn sí àjà, ọ̀rọ̀ orin á sì yéni. Àpótí kékeré: ilé-iṣẹ́ Acoustic Research ló gbé sípíkà AR-1 jáde ní 1954, ó kéré, baasi rẹ̀ dáa, àmọ́ ó ń jẹ wáàtì bí ẹni tó gbààwẹ̀, nígbà tí tíránsístọ̀ sọ wáàtì di ọ̀pọ̀, ayé tẹ̀ lé e. Àléébù họ́ọ̀nù: èyí tí wọn ò ṣe dáadáa ń mú akọrin sọ̀rọ̀ nímú, áńpílífáyà tó bá sì ń hó wùùù, họ́ọ̀nù á sọ fún gbogbo ilé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, "Tọ́ńtọ́n, èmi tí mi ò lówó Klipsch ńkọ́?" Wá àpótí baasi onínṣì 15 tó dáa, gbé họ́ọ̀nù kan lé e lórí fún ohùn òkè. Irú àdàlù bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Altec Lansing kó lọ sí sinimá láti 1945. Tó o bá fẹ́ rà á, má béèrè wáàtì. Bi wọ́n pé dB mélòó ló ń mú wá lórí wáàtì 1 ní mítà 1. Tó bá ti lé ní 97, áńpílífáyà 10 wáàtì lórí bátìrì sólà tó ọ gbọ́ orin di ìdájí. Ṣùgbọ́n má so yúníìtì họ́ọ̀nù mọ́ áńpílífáyà láìfi kapásítọ̀ tó ń dá baasi dúró sáàárín o. Baasi á ya awọ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wàá sì máa wí kiri pé èmi ni mo ní kó o rà á.